Kanji Tí Kò Ní Í Fò Lọ Lórí Rẹ

Àbúrò mi, sún mọ́ mi, kí n bá ọ sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Mo mọ ohun tó ń dùn ọ́ nídìí kanji, àwọn àmì ìkọ̀wé èdè Japan yìí. O jókòó lọ́jọ́ Ajé, o kọ́ ogún, o dá gbogbo wọn mọ̀ kí o tó sùn, inú rẹ ń dùn ṣìnkìn. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó ṣòro kí márùn-ún tó ṣẹ́ kù. O tún wọn kọ́, wọ́n tún lọ. O ti wá ń rò ó pé àwọn tí ọpọlọ wọn jí pépé ju tìrẹ lọ ni èdè Japan wà fún. Má gbà bẹ́ẹ̀. Orí rẹ pé. Àsìkò tí o ń padà sídìí ohun tí o kọ́ ni kò tíì tọ̀nà, ìyẹn sì ṣeé tún ṣe láti ọ̀sẹ̀ yìí.

Iṣẹ́ náà pọ̀ o, n kò ní tàn ọ́. Àwọn kanji tí ìjọba Japan fọwọ́ sí fún ìlò gbogbo èèyàn, èyí tí wọ́n ń pè ní Jōyō kanji, jẹ́ 2,136 láti ọdún 2010. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún ń kọ́ 1,026 nínú wọn láàárín ọdún mẹ́fà, bẹ́ẹ̀ 80 péré ni ọmọ kíláàsì kìíní ń kọ́ ní odidi ọdún kan. Wo iye yẹn dáadáa. Ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀, tó ń rí kanji lára ọkọ̀, lára páálí mílíìkì, lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ṣọ́ọ̀bù, ọgọ́rin ni wọ́n fún un lọ́dún. Ìwọ tí o wà ní Ìbàdàn tàbí ní Peckham, tí o kì í rí kanji kan láàárọ̀ ṣúlẹ̀ àfi tí o bá ṣíwèé, o fẹ́ gbé ọgọ́rin mì lọ́sẹ̀ kan. Ta ni kò ní há lọ́fun?

Ará Jámánì kan wà, Hermann Ebbinghaus, tó fi ara rẹ̀ ṣe ìwádìí lórí ìgbàgbé. Ó kó àwọn sílébù tí kò nítumọ̀ jọ, ó há wọn sórí, ó sì ń dán ara rẹ̀ wò lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn oṣù kan. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1885. Ó rí i pé wàràwàrà ni ohun tuntun máa ń lọ ní àwọn wákàtí àkọ́kọ́, pé díẹ̀díẹ̀ ni ìyókù máa ń tẹ̀ lé e. Ó tún rí i pé ẹni tó bá pín àtúnkọ́ rẹ̀ sí ọjọ́ mélòó kan kò ní í ṣe làálàá tó ti ẹni tó rọ́ gbogbo rẹ̀ sórí ìjókòó kan ṣoṣo.

Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ dúró sí. Padà sí kanji náà nígbà tó kù díẹ̀ kó bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Tí o bá yá jù, àsìkò rẹ lo ń fi ṣòfò. Tí o bá pẹ́ jù, àtìbẹ̀rẹ̀ lo tún ń bẹ̀rẹ̀. Bí o bá ṣe ń rántí rẹ̀ sí i ni kí o máa jẹ́ kí ìgbà tó kàn jìnnà sí i: ọ̀la, lẹ́yìn náà ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì ó lé, oṣù kan ààbọ̀, oṣù mẹ́ta. Tí o bá gbàgbé rẹ̀, ó di ọ̀la padà. Ọmọ ilé kéwú tó ń há Kùráánì sórí mọ èyí dájú. Bó ṣe ń gba ẹ̀kọ́ tuntun lọ́wọ́ àfáà, bẹ́ẹ̀ ni àfáà ń ní kó ka ti àná, kó ka ti oṣù tó kọjá, torí bó bá ń lọ síwájú tí kò wẹ̀yìn, òfìfo ni yóò bá níbi tó rò pé òun kó nǹkan sí.

Ètò yìí ṣeé fi ọwọ́ ṣe. Sebastian Leitner ló kọ ọ́ sínú ìwé ní 1972, ní Jámánì. Wá páálí bàtà kan, fi páálí pélébé pín inú rẹ̀ sí ọ̀nà márùn-ún. Gé ìwé líle sí káàdì kéékèèké, kọ ọ̀rọ̀ Japan síwájú, kọ bí wọ́n ṣe ń pè é àti ìtumọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn. Iyàrá kìíní ni gbogbo tuntun ń wọ̀, ojoojúmọ́ lo sì ń ṣí i. Káàdì tí o bá rántí yóò bọ́ sí iyàrá kejì, tí o ń ṣí ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta; láti ibẹ̀ sí ìkẹta, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀; ìkẹrin, ọ̀sẹ̀ méjì méjì; ìkarùn-ún, oṣooṣù. Káàdì tí o bá gbàgbé, ibi yòówù kó ti dé, iyàrá kìíní ló ń padà sí. Mo fẹ́ràn páálí yìí fún ẹni tí fóònù máa ń fà lọ síbi tí kò rò. Bí o bá ti gbé fóònù kí o lè kọ́ kanji, tí o bára rẹ lórí Instagram lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì, gé páálí.

Fún àwọn tó kù, áàpù Anki ni. Damien Elmes ló ṣe é, ó jáde ní 2006. Ọ̀fẹ́ ni lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni lórí fóònù Android. Ti iPhone nìkan ni wọ́n ń sanwó fún. Òun ló ń bá ọ ṣírò ọjọ́ tí káàdì kọ̀ọ̀kan yóò padà wá, nítorí náà o kò ní í máa ronú ohun tó kàn. Tí o bá ti gbé àwọn káàdì rẹ sórí fóònù tán, kò ní í jẹ dátà. O lè ṣe é nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, o lè ṣe é níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí.

Ṣùgbọ́n pípadà tí mò ń wí yìí, kì í ṣe pé kí o kàn wo káàdì lójú o. Ní 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke ní Yunifásítì Washington tó wà ní St. Louis, Amẹ́ríkà, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àyọkà kan. Àwọn kan kà á, wọ́n tún un kà. Àwọn kan kà á, wọ́n pa ìwé dé, wọ́n kọ ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó tún un kà ló gba máàkì jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó pa ìwé dé ló rántí jù. O rí i báyìí: ohun tó mú kí o rò lálẹ́ ọjọ́ Ajé pé o ti mọ ogún kanji yẹn gan-an ni kò jẹ́ kí wọ́n dúró. Ojú rẹ mọ̀ wọ́n torí wọ́n wà níwájú rẹ.

Nítorí náà, wo iwájú káàdì, pe ọ̀rọ̀ náà síta, sọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní ẹnu ara rẹ, kí o tó yí i. Tí o bá ti wò ó bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tí kò wá, kò sí níbẹ̀ nìyẹn. Yí i, kà á, máa lọ. Má jókòó tì í.

Ọ̀rọ̀ yìí, láàárín èmi pẹ̀lú rẹ ni. Nígbà tí o bá yí káàdì padà tí o rí ìdáhùn, ohùn kan á sọ nínú rẹ pé, “Hẹn-ẹn, mo kúkú mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.” O kò mọ̀ ọ́n. Tí o bá tẹ bọ́tìnì Good nítorí pé ojú ń tì ọ́, Anki yóò gbà ọ́ gbọ́, yóò sì gbé káàdì náà pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà tó bá fi máa yọjú, àjèjì pátápátá ni. Tẹ Again, bọ́tìnì ìgbàgbé. Ìtìjú kò sí níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò wò ọ́, bẹ́ẹ̀ kò sì sí ẹni tó ń fún ọ ní máàkì. Má sì fi Hard bo ìgbàgbé mọ́lẹ̀. Hard wà fún èyí tí o rántí lẹ́yìn ìlàágùn. Ẹni tó ń tẹ Hard fún ohun tó gbàgbé ń ba ìṣirò Anki jẹ́ mọ́ ara rẹ̀ lọ́wọ́, yóò wá máa ráhùn pé kò ṣiṣẹ́.

Iye tuntun tí o ń mú lójúmọ́ ńkọ́? Bí o kò bá fọwọ́ kan ètò Anki, ogún ni yóò máa gbé fún ọ. Dín in kù kí ilẹ̀ tó ṣú. Márùn-ún ni mò ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tàbí tó ń tọ́mọ, mẹ́wàá fún ẹni tó ráyè gidi. Ìdí ni pé tuntun mẹ́wàá òní kì í dúró sí òní. Wọ́n ń bọ̀ lọ́la, wọ́n ń bọ̀ lọ́tunla, wọ́n sì ń pàdé tuntun ọjọ́ wọ̀nyẹn lójú ọ̀nà. Ẹni tó ń mú mẹ́wàá lójúmọ́, tó bá yá, àádọ́rin sí ọgọ́rùn-ún káàdì ni yóò máa dúró dè é láràárọ̀. Ìṣirò rẹ̀ kò le: bí káàdì kọ̀ọ̀kan bá mú kanji tuntun kan wá, mẹ́wàá lójúmọ́ yóò gbé ọ la 2,136 kọjá láàárín bí oṣù méje, márùn-ún yóò gbé ọ débẹ̀ ní bí ọdún kan àti oṣù méjì. Èwo ló burú nínú méjèèjì? Ahun ni kí o jẹ́ sí tuntun. Ti àtijọ́ ni kí o máa ṣe lójoojúmọ́, kódà ní ọjọ́ tí o kò mú tuntun kankan.

Jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa ohun tó yẹ kó wà lórí káàdì, torí ibẹ̀ ni mo ti ń rí i tí àwọn ọmọbìnrin ọlọ́gbọ́n ń ṣẹ́ ara wọn níṣẹ̀ẹ́. Wọn á kọ kanji kan ṣoṣo síwájú, wọn á to gbogbo ohùn tó ní sẹ́yìn. Mú 生 wò. Nínú 学生, akẹ́kọ̀ọ́, gakusei ni wọ́n ń pè é. Nínú 誕生日, ọjọ́ ìbí, tanjōbi. 生まれる, kí wọ́n bí èèyàn, umareru. 生きる, kí èèyàn wà láàyè, ikiru. Tó bá dá dúró, tó túmọ̀ sí ohun tí wọn kò sè, nama. Kò sì tíì tán! Èèyàn tó bá fẹ́ há gbogbo ìyẹn sórí láti ẹ̀yìn káàdì kan yóò kórìíra káàdì náà. Ọ̀rọ̀ kan, káàdì kan. Kọ 学生 sí ọ̀kan lónìí. Nígbà tí o bá pàdé 生まれる nínú ìwé kíkà lóṣù tó ń bọ̀, ìgbà yẹn ni kí o ṣe tirẹ̀. Inú ọ̀rọ̀ ni ohùn kanji ti ń wọ orí, kì í ṣe lórí àtẹ. Tí àyè bá wà, fi gbólóhùn kúkurú kan sẹ́yìn káàdì, èyí tí o lè lò láàárín ọjọ́ náà.

Kanji sì ní ẹ̀yà ara. Àwọn ọba Ṣáínà ti to wọ́n tipẹ́: ìwé atúmọ̀ tí Ọba Kangxi ní kí wọ́n ṣe, tó jáde ní 1716, pín gbogbo wọn sábẹ́ ẹ̀yà 214. Kò pọn dandan kí o há 214 náà sórí. Kọ́ èyí tó ń yọjú lóòrèkóòrè: èèyàn, ọwọ́, omi, igi, ọ̀rọ̀, oòrùn, òjò. Ní 休, èèyàn fara ti igi: ó ń sinmi. Igi kan ni 木, igi mẹ́ta ni 森, ó di igbó.

Ẹ̀yà kan tún máa ń sọ bí wọ́n ṣe ń pe kanji, tí àwọn olùkọ́ kì í tètè wí. Wo 青. Fi omi sí apá òsì rẹ̀, ó di 清, mímọ́ tónítóní. Fi oòrùn síbẹ̀, ó di 晴, ojú ọjọ́ tó mọ́. Fi ọ̀rọ̀ síbẹ̀, ó di 請, kí èèyàn bẹ̀bẹ̀ fún nǹkan. Sei ni wọ́n ń pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n bá wà nínú ọ̀rọ̀ tó wá láti Ṣáínà. Ọjọ́ tí o bá bẹ̀rẹ̀ sí í rí irú ìdílé báyìí, kíkọ́ ẹyọ kan á máa fa mẹ́ta mìíràn lọ́wọ́.

Ìtàn tí èèyàn ń hun láti fi rántí kanji ńkọ́? Ìwé James Heisig, Remembering the Kanji, tó kọ́kọ́ jáde ní 1977, ló sọ ọ̀nà ìtàn di ohun tí gbogbo ayé mọ̀, WaniKani náà sì ń fi ìtàn kọ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n dára. Ṣùgbọ́n ìtàn Gẹ̀ẹ́sì ni, ẹni tó hun ún sì ni ó dùn mọ́ jù. Hun tìrẹ ní Yorùbá, àbúrò mi. Ọ̀rọ̀ ilé wa ló ń dúró lórí wa. Mori ni wọ́n ń pe 森, igbó onígi mẹ́ta yẹn: mo rí igi, mo rí igi, mo rí igi. Iro ni wọ́n ń pe 色, àwọ̀: fojú inú wo ìró àǹkárá tí màmá rẹ ró lọ́jọ́ àríyá, pẹ̀lú gbogbo àwọ̀ tó wà lára rẹ̀. Oya ni wọ́n ń pe 親, òbí, ó sì ní “dúró” lókè igi lápá òsì, ó ní “wò” lápá ọ̀tún: òbí gun orí igi, ó ń wo ọ̀nà tí ọmọ gbà lọ ṣeré, ó wá ké, “Ó yá! Ó yá, ẹ máa bọ̀ nílé!” Ìwọ rò ó wò bóyá wàá tún gbàgbé ìyẹn. Ní ti 電, iná mànàmáná, òjò ló wà lókè rẹ̀. Òjò ti ṣú, wọ́n ti mú iná lọ. Kò sí ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní ìlú òkèèrè tó lè fún ọ ní ìtàn tó bá ọ lára mu tó báyìí.

Bí o ti wù kí o ṣe é dáadáa tó, àwọn kan yóò máa di ara wọn lọ́wọ́. 待, 持, 侍, 時, 詩: gbogbo wọn ló ní 寺, tẹ́ḿpìlì, lápá ọ̀tún. Tí o bá ń kọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á máa dàrú mọ́ ara wọn. Anki ní ti ẹ̀, bí o bá gbàgbé káàdì kan lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, yóò lẹ orúkọ leech mọ́ ọn, ó sì lè dá a dúró. Bó bá dá a dúró, má tú u sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni ń bá a jà. Mú ìwé kan, kọ gbogbo wọn sórí ìlà kan, gàdàgbà, kí o fi ìka tọ apá òsì. Ojú ọ̀nà ló wà níwájú 待: ẹni tó dúró lẹ́bàá títì, tó ń retí ọkọ̀. Ọwọ́ ló wà ní 持: ó di nǹkan mú. Èèyàn ló wà ní 侍: jagunjagun samurai. Oòrùn ló wà ní 時: àkókò. Ọ̀rọ̀ ló wà ní 詩: ewì. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá? Kò tó. Bákan náà ni 未 àti 末. Tí ìlà òkè bá kúrú ju tìsàlẹ̀ lọ, kò tíì ṣẹlẹ̀. Tó bá gùn jù ú lọ, ó ti dópin. Lẹ́yìn èyí ni kí o tú àwọn káàdì náà sílẹ̀.

Ní ti fífi ọwọ́ kọ ọ́, n kò rò pé ó yẹ kí o fi kanji kan kún ojú ìwé. Kọ tuntun lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin pẹ̀lú bírò, òkè kí o tó dé ìsàlẹ̀, òsì kí o tó dé ọ̀tún, kí ọwọ́ rẹ lè mọ bó ṣe rìn. Ó tó. Bó bá jẹ́ ìdánwò JLPT lo ń lépa, ìyẹn ìdánwò èdè Japan tó ní ipele márùn-ún láti N5 dé N1, yíyan ìdáhùn ni gbogbo rẹ̀, kò síbi tí wọ́n ti ní kí o fọwọ́ kọ kanji.

Àárọ̀ ló dára jù fún àtúnyẹ̀wò, kí o tó ṣí WhatsApp, torí ohun tí wọ́n bá kọ ránṣẹ́ sí ọ lè gba gbogbo ọkàn rẹ. Mú tuntun lálẹ́ tí o bá fẹ́, kí oorun lè bá ọ ṣiṣẹ́ lé e lórí. Kí o sì máa ka nǹkan gidi láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé mangá àwọn ọmọdé ni wọ́n kọ hiragana, lẹ́tà tó ń sọ ohùn, kéékèèké sẹ́gbẹ̀ẹ́ kanji wọn, wàá lè pe ohun tí o kò tíì kọ́. Wo àwòrán ibùdó ọkọ̀ ojú irin Tokyo: 出口, ọ̀nà àbájáde, 入口, ọ̀nà àbáwọlé, 新宿, Shinjuku. Kanji tí o bá rí lójú títì lẹ́yìn tí o ti rí i lórí káàdì kì í tètè kúrò mọ́.

Ohun kan kù, torí mo mọ̀ pé yóò ṣẹlẹ̀. Àìsàn yóò dé, tàbí ìyàwó ṣíṣe, tàbí òkú, tàbí iṣẹ́ yóò ká ọ mọ́. Wàá ṣí Anki, wàá bá irinwó káàdì níbẹ̀, ara rẹ á sì bù máṣọ. Má pa á rẹ́. Má bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì wà lórí rẹ, wọn kàn ń retí kí o pè wọ́n ni. Dá tuntun dúró pátápátá. Ṣe àádọ́ta lóòjọ́, kí o pa á dé, bí ọkàn rẹ tilẹ̀ fẹ́ máa lọ. Èyí tó bá ti lọ, tẹ Again láìbínú. Nígbà tí iye tó ń dúró dè ọ́ láràárọ̀ bá ti wálẹ̀ sí ogójì, ṣí tuntun padà, ṣùgbọ́n méjì méjì ni kó jẹ́ fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.